Àwọn Tí Kò Kí Ìyá Wa Mọ́

Agboolé Mọ́gàjí Oyèlẹ́yẹ,
Ìwó, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ogúnjọ́, oṣù Kẹfà, ọdún 2020.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, Bùọ̀dá Mùrí,

Àsàlámù àlékùm. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ilé. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Àǹtí Mujeebah ìyàwó yín ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Mo bẹ Ọlọ́run kí ìwé yìí bá yín nínú ìlera, kí àrùn tó gbòde kan yìí má sì mọ ojúlé yín ní Agége. Àwa náà wà láàyè, Halimah ọmọ mi sì ń jẹun dáadáa. Ibi tí ìkíni mi mọ nìyẹn, nítorí inú ń bí mi, n kò sì fẹ́ fi ẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ ó máa rò ó pé kí ló dé tí n kò fi pè yín lórí fóònù. Mo ti pè yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí mo bá ti la ẹnu báyìí, ẹ ó ní, "Khàdíjàh, èmi lo ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn?" Èmi náà á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí n kò ṣe. Ìwé ní tirẹ̀ kò ṣeé já lu. Awakọ̀ tó ń kó gàrí lọ sí Èkó ni mo fi rán, nítorí ọkọ̀ oúnjẹ nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kó kọjá báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bínú. Ọ̀rọ̀ Ìyá wa ni. Àwọn ará agboolé yìí kò kí wọn mọ́, ẹ̀yin lẹ fà á, ẹ̀yin náà ni mo sì fẹ́ kí ẹ tún un ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ìparí oṣù Kẹta, nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n ti ibodè ìpínlẹ̀, wọ́n sọ fún Abdulfatah ọkọ mi pé ó wà lára àwọn nọ́ọ̀sì tí yóò máa tọ́jú àwọn aláìsàn kòrónà ní Ìbàdàn. Kí ó tó fojú kan aláìsàn kan ṣoṣo ni ó ti kó èmi àti Halimah sínú ọkọ̀. Ó ní ká lọ máa gbé lọ́dọ̀ Ìyá, pé òun kò fẹ́ máa ti ibẹ̀ wọlé bá wa. Láti ọjọ́ náà, kò tíì fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Ìwó. Ẹ̀yin àti Ìyá nìkan ni mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún, nítorí mo mọ bí ìbẹ̀rù ṣe ń ṣe àwọn èèyàn. Ẹ rántí ohun tí ẹ wí fún mi. Ẹ ní, "Ó ti wọ etí mi, kò ní gba ẹnu mi jáde."

Iṣẹ́ mi kò dúró. Ẹ mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ tí mo wà ń ta ẹ̀rọ tó ń gba iná láti ara oòrùn, àwa la sì ń gbé fóònù tí àwọn oníbàárà bá ń pè. Nígbà tí ìjọba ní kónílé-ó-gbélé, wọ́n ní kí kálukú máa ṣe é láti ilé. Yàrá ẹ̀yìn tí Bàbá wa máa ń kó àgbàdo sí ni mo gbá, mo fi kúbùsù bo fèrèsé, mo gbé kọ̀ǹpútà lé orí àpótí, mo ki ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ bọ etí. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni àwọn èèyàn ń pariwo mọ́ mi láti Kánò àti Bìní pé iná àwọn kò tàn, bẹ́ẹ̀ èmi gan-an, a kò rí iná lò. Ilé Kareemah tó ní jẹnẹrétọ̀ ni mo ń gbé kọ̀ǹpútà náà lọ kó lè gba iná.

Ọ̀gbẹ́ni Adébọ̀wálé tó jẹ́ ọ̀gá wa lè dẹtí sí ìpè ẹnikẹ́ni nígbàkúùgbà, láìsọ fún un. Bó bá gbọ́ ariwo ilé, yóò kọ ìwé ìkìlọ̀. Ẹni tí ó bá gba ìkìlọ̀ mẹ́ta, kí ó máa jókòó sílé rẹ̀ lọ, tí kónílé-ó-gbélé bá tilẹ̀ parí. Ẹ sì mọ agboolé wa. Kò sí ẹni tó ń kọjá níwájú Ìyá láìdúró. Láti ìgbà tí wọ́n ti ti ọjà Odò-Òrì, ẹnu ọ̀nà ni Ìyá ń jókòó sí pẹ̀lú gàrí àti ẹ̀wà wọn, ẹni tó ń lọ síbi kànga á kí wọn, ẹni tó ń bọ̀ á tún kí wọn. Wọn á kí wọn kú ìjókòó, wọn á béèrè ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n, wọn á béèrè ẹ̀yin àti àwọn ọmọ yín. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò gbé ohùn sókè pé, "Khàdíjàh ńkọ́? Khàdíjàh!" Ibẹ̀ ni mo ti gba ìkìlọ̀ kìíní. Ọkùnrin kan láti Kánò bi mí bóyá inú ọjà ni mo wà.

N kò lè dá àwọn tó ń pè mí lóhùn, n kò sì lè jáde wá kúnlẹ̀. Ìyá ń sọ fún wọn pé iṣẹ́ ni mò ń ṣe. Wọ́n á yọjú wo ẹnu ọ̀nà, wọ́n á rí mi níbi tí mo jókòó sí tí mò ń bá ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, wọ́n á lọ. Irú iṣẹ́ wo ni èèyàn ń jókòó ṣe? Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, wọ́n ti fẹnu kò pé mo ti dálémosú. Wọ́n ní ọkọ ló lé mi, pé ìtìjú ni kò jẹ́ kí n kí èèyàn. Èmi tí ọkọ mi ń pè láràárọ̀ kó tó wọ aṣọ iṣẹ́.

Àwọn àgbà kò wá bi mí. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé ní ọ̀sẹ̀ kejì ààwẹ̀, lẹ́yìn ìrun Súhúrì ọ̀sán, àwọn mẹ́ta kóra jọ, Mọ́gàjí, Ìyá Fàsílátù àti Alfa, wọ́n fi ìbòmú kọ́ àgbọ̀n, wọ́n wọlé tọ̀ mí. Wọn kò kan ilẹ̀kùn. Ta ni àgbà ń kan ilẹ̀kùn fún nínú ilé tirẹ̀? Obìnrin kan láti Ìlọrin wà létí mi nígbà náà, iná rẹ̀ kò tàn fún ọjọ́ méjì. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ ṣe àpèjúwe kọ̀ǹpútà, mo fi ọwọ́ bo ẹnu. Mọ́gàjí ní, "Khàdíjàh, ohunkóhun tí o bá ṣe fún un, àwa ó bá ọ bẹ̀ ẹ́. Dìde, kó ẹrù rẹ." Ìyá Fàsílátù náà kúnlẹ̀ tì mí, wọ́n ń sunkún. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, Bùọ̀dá. Obìnrin Ìlọrin yìí gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì gbàgbé iná rẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ gbọ́ tiwọn. Wọ́n lé èmi náà rí, mo padà." Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ìkìlọ̀ kejì dé.

Ẹ̀yin náà ń ṣiṣẹ́ láti ilé. Ta ló ń já wọ yàrá yín? Àǹtí Mujeebah ló ń lé àwọn ọmọ sí ẹ̀yìnkùlé, tí wọ́n ń gbé tíì lọ fún yín, tí wọ́n ń sọ fún àlejò pé ọ̀gá wà lẹ́nu iṣẹ́. Èmi nìkan ni jíjókòó sílé mi kì í ṣe iṣẹ́.

Nítorí pé n kò dá àwọn àgbà lóhùn, wọ́n gbà pé òótọ́ ni. Mọ́gàjí pè yín ní alẹ́ ọjọ́ yẹn láti fi ìtìjú náà tó yín létí. Ẹ ì bá sọ pé kò sí ẹni tó lé mi, kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ ì bá ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ pè mí. Ṣùgbọ́n ó dùn yín pé wọ́n ń pe àbúrò yín ní dálémosú, ẹ sì fẹ́ fi ọkọ mi yangàn. Ẹ ní, "Ta ló lé e? Ọkọ rẹ̀ ló ń tọ́jú àwọn oní-kòrónà ní Ìbàdàn." Mọ́gàjí fi ohùn yín sí gbangba, gbogbo ilé ló gbọ́. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú yín sọ ọ́. Ṣùgbọ́n àṣírí tèmi ni ẹ tú, ẹ kò sì sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀, pé a ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì, kò sí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà wa débi tí èmi tàbí Ìyá ó fi ṣàlàyé. Ẹni tó ń lọ síbi kànga gba ẹ̀yìn ilé. Wọ́n fi korobá ìfami pupa kan síbi kànga, wọ́n ní tiwa nìyẹn, kí a má fi ọwọ́ kan èyí tí gbogbo ilé ń lò. Wọ́n pe àwọn ọmọ kúrò lọ́dọ̀ Halimah, ó sì ń béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ni òun ṣe. Kareemah ní jẹnẹrétọ̀ òun ti bàjẹ́, nígbà tí mò ń gbọ́ ìró rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ bó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀. Olúpọ̀nnà ni mo ń gun ọ̀kadà lọ báyìí kí kọ̀ǹpútà mi tó gba iná, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí kò mọ̀ mí rí.

Èmi lè fara dà á. Ìyá ni kò lè fara dà á. Gàrí wọn wà nílẹ̀, ó ń gba atẹ́gùn. Ní ọjọ́ kan mo wo Ìyá láti ẹ̀yìn kúbùsù. Wọ́n kí Ìyá Fàsílátù tó ń kọjá lókèèrè, ọ̀rẹ́ wọn láti ìgbà tí wọ́n ti jọ ṣe ìyàwó wá sí agboolé yìí. Ìyẹn yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyá rò pé wọn kò gbọ́ ni, wọ́n tún kí wọn lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú ohùn rara. Ó ká mi lára débi pé mo gbàgbé pé oníbàárà ń sọ̀rọ̀ sí mi létí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Ọ̀gbẹ́ni Adébọ̀wálé kọ̀wé sí mi. Ó ní nínú gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ láti ilé, ibi tí mo wà ló dákẹ́ jù, ó sì fi mí ṣe olórí wọn. Inú Ìyá dùn gan-an. Wọ́n ní oríire nìyí, pé bí ó ti wù kó rí, èèyàn á wá bá wa yọ̀. Wọ́n wọ léèsì tí ẹ rà fún wọn, wọ́n ní kí n to àga mẹ́fà síta kí wọ́n jìnnà síra gẹ́gẹ́ bí ìjọba ṣe wí, kí n ra mínírà, kí n gbé omi àti ọṣẹ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Láti Súhúrì títí di Mọ̀ngàríbì ni wọ́n fi jókòó. Kò sí ẹni tó wá. Mọ́gàjí tí ilẹ̀kùn wọn dojú kọ tiwa pè wá lórí fóònù pé a kú oríire. Ìyá ń dúpẹ́ lórí fóònù, wọ́n sì ń wo Mọ́gàjí lójú fèrèsé bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀.

Mo fi gbogbo èyí mọ́ra. Ohun tó jẹ́ kí n mú bírò ni ohun tí Ìyá sọ fún mi lánàá. Wọ́n ní ẹ ti pe àwọn pé bí wọ́n bá tilẹ̀ ṣí ọ̀nà, ẹ kò ní wá sílé fún Iléyá, nítorí àwọn ọmọ, àti pé ẹ ó máa wò ó ná. Kí lẹ ń wò, Bùọ̀dá Mùrí? Mọ́gàjí kò mọ ọjọ́ tí a kúrò ní Ìbàdàn. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n. Ìyá Fàsílátù kò mọ̀ pé Abdulfatah kò tíì wá wò wá. Ẹ̀yin mọ̀. Àwọn ń sá fún ohun tí kò yé wọn. Ẹ̀yin tí ó yé, ẹ̀yin náà ń sá fún ìyá tó bí yín.

Ohun tí mo ń fẹ́ kò pọ̀. Ẹ pe Mọ́gàjí padà, ẹ ní kí wọ́n fi ohùn yín sí gbangba bíi ti ìjọ́sí, kí ẹ sọ èyí tí ẹ fi sílẹ̀. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí ọ̀nà, kí ẹ gbé aya àti ọmọ wá, kí ẹ jókòó ti Ìyá níta ní ọ̀sán gangan, kí ẹ jẹun nínú àwo wọn, kí gbogbo ilé rí yín. Ẹnu tí mo fi ń bẹ̀ yín yìí, òun náà ni mo fi ń sọ fún yín pé bí ẹ kò bá wá, n kò ní lè pè yín ní ẹ̀gbọ́n láìsí ìkorò lọ́kàn mi.

Kí Ọlọ́run Ọba ṣọ́ yín, kó ṣọ́ àwọn ọmọ, kó ká àrùn yìí nílẹ̀ kúrò lórí gbogbo wa. Kó má jẹ́ kí a fi ojú sunkún ara wa. Àmín.

Èmi ni àbúrò yín tí a jọ mu ọmú ìyá kan náà,
Khàdíjàh.

Mo gbàgbé ohun kan: Ìyá rí mi bí mo ṣe ń kọ̀wé, mo sì sọ fún wọn pé ẹ̀yin ni mò ń kí. Wọ́n ní kí n bá àwọn kí yín gan-an, kí n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ara àwọn le, kí ẹ má ṣe dààmú, pé èrò tó ń kí àwọn kò tíì dá rárá lẹ́nu ọ̀nà.