Mílíìkì Tí Mò Ń Gbé Wálé

Ẹ kú ilé o, ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Mọ́rufú, ẹ̀yin tí ẹ pọ̀n mí nígbà tí ìyá wa kú, tí ẹ sì nà mí fún ìwà tí mo ṣì ń hù títí dòní. Mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo kí gbogbo ará Èsìẹ́, mo kí ewúrẹ́ yín tó jẹ fìlà mi. Òjò kò dáwọ́ dúró ní Ọ̀tà níbí, ṣùgbọ́n a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni mo kọ lẹ́tà yìí sí. Sàlìú ọmọ-ọmọ yín ló máa ń ka lẹ́tà mi fún yín, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló sì wà nínú èyí. Yóò fo ibi tí kò bá dùn mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí tíṣà tó wá láti Àràńdùn kà á.

Ẹ ní kí n bá ọ̀gá sọ̀rọ̀, kí wọ́n gba Sàlìú síbi iṣẹ́ wa, tí a ti ń ṣe kẹ́míkà tí wọ́n ń dà sínú omi ẹ̀rọ. Ẹ ní ilé-iṣẹ́ tó ń fún òṣìṣẹ́ ní mílíìkì, bí ìyá ló rí. Lóòótọ́, ó ṣe mí lóore. Owó oṣù kì í yẹ̀. Òun ni mo fi kan páànù sórí yàrá yín, òun ni mo fi rán àwọn ọmọ mi níwèé, débi tí wọ́n fi ń tọ́ gírámà mi sọ́nà. Mi ò ní jẹun tán kí n bú abọ́.

Ṣùgbọ́n mo purọ́ fún yín, ẹ̀gbọ́n mi. Mílíìkì yẹn kì í ṣe ẹ̀bùn. Àwa tí a wà nídìí táńkì, tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń ta lọ́fun bí ata tó jóná, àwa nìkan ni wọ́n ń fún, pé ká mu ún kó fọ àyà wa. Èmi ń kó o jọ, mò ń gbé e wálé, kí àwọn ọmọ lè máa pè mí ní Bàbá Mílíìkì. Bóyá ó lágbára, bóyá kò ní. Èmi ò mu ún rí tí mo fi máa mọ̀.

Wọ́n fún wa ní ìbòmú náà. Kì í jẹ́ kí àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ gbọ́ yẹ̀yẹ́ mi, ni mo bá ń fà á sọ́rùn. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Àwọn rẹ́rìn-ín nínú ìbòmú tiwọn.

Iléyá tó kọjá, mo jẹ ẹran tó ti ń rùn, mo tún lá ìka. Ẹ ní mo tún ti gbé yẹ̀yẹ́ mi dé. Mi ò ṣeré. Mo ti dà bí àwọn ère òkúta Èsìẹ́ wa: imú wà lójú, kò gbóòórùn. Iṣu tuntun tí ẹ sun fún mi, ooru rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀. Bí mo sì ṣe dúró kí àwọn èèyàn lẹ́nu ọ̀nà gbogbo kí n tó délé, tí ẹ ní mo lọ́yàyà, èémí ni mò ń wá.

Mo ti bá ọ̀gá sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kó máa bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu Sàlìú jọ ẹnu mi. Ẹ fi aṣọ dì í nímú lẹ́nu láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kí ẹ pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó tì í. Bó bá tú u láti dáhùn ẹyọ yẹ̀yẹ́ kan, ẹ gbé ọkọ́ fún un, oko iṣu ń bẹ. Bó bá fara dà á, kó máa bọ̀. Lọ́jọ́ tó bá sì gbé mílíìkì wálé, ẹ má ṣe dúpẹ́. Ẹ ní kó ṣí i, kó mu ún tán lójú yín.

Ọlọ́hun á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa, á fi àlàáfíà bo ilé. Ẹ bá mi kí wọn látòkè délẹ̀, títí dórí ewúrẹ́.

Èmi ni, àbúrò tí ẹ fi ẹ̀yìn yín tọ́, ọmọ yín,
Jímọ̀