Kòkòrò Tí Mo Fi Sínú Apẹ̀rẹ̀ Ẹ̀fọ́

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ títí, mo kí ọ dé ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń rí oorun sùn? Ṣé o ń jẹun lásìkò, àbí omi tútù àti bisikíìtì náà lo ṣì ń fi ṣe oúnjẹ àárọ̀? Ọlọ́run tó fi ọ́ ta wá lọ́rẹ kò ní fi ọ́ sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ, àwọn tó ń ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ kò ní kẹ̀yìn sí ọ. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Ó ní òun ì bá kọ̀wé fúnra òun, ṣùgbọ́n o mọ̀ pé bó bá ti mú bírò báyìí, oorun ló máa ń gbé e lọ.

Ilé dáa. Ewúrẹ́ tó lóyún ti bí, akọ méjì, bàbá rẹ sì ń bá wọn sọ̀rọ̀ ju bó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ. Òrùlé yàrá rẹ tó ń jò, káfíńtà ti wá wò ó, ó mi orí, ó jẹun, ó lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin nìkan lọkàn mi ò balẹ̀ sí. Láti bí ìgbà díẹ̀, bí mo bá kọ ọ̀rọ̀ gbọọrọ sí i lórí fóònù, àtàǹpàkò kan ṣoṣo ló fi ń dá mi lóhùn. Mo fi awò ojú bàbá rẹ wò ó dáadáa, àtàǹpàkò náà pupa rúsúrúsú bí ara ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe. Jọ̀ọ́, yà lọ́dọ̀ rẹ̀ kí o yẹ gbogbo ara rẹ̀ wò, má wo ọwọ́ nìkan, kí o sì wo funfun ojú rẹ̀ fún mi.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tó gbé mi jókòó. Mo rí iṣẹ́ tí o rán pé wọ́n dá apẹ̀rẹ̀ ẹ̀fọ́ tí a kó ránṣẹ́ sí ọ láti oko padà fún ọ, pé ewé ẹ̀fọ́ wa dà bí asẹ́, pé kòkòrò sì jáde nínú apẹ̀rẹ̀ ìyàwó mánẹ́jà kan, ó ń rìn lórí tábìlì níṣojú àlejò. O ní bí ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ bá tún rí bẹ́ẹ̀, oníbàárà kankan ò ní kù, o ó fi ẹ̀fọ́ títà sílẹ̀, o ó padà lọ bẹ ọ̀gá rẹ àtijọ́ ní ọ́fíìsì. Mo ka ibẹ̀ yẹn, mo tún un kà. Jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Ìwọ náà lo kúkú sọ ọ́. Lọ́jọ́ tí a rí ojú ara wa nínú fóònù, tí mò ń bẹ̀ ọ́ pé kí o máà bínú, ewé kan níhò, ẹ̀rín lo rín. O ní kí n má dààmú, pé ihò yẹn làwọn èèyàn rẹ fi ń mọ̀ pé a ò fọ́n oògùn sí i, pé ohun tí kòkòrò jẹ tí kò kú, ọmọ èèyàn náà lè jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Èmi tí mo ka ìwé girama parí, ṣé èyí ló máa ṣòro fún mi? Bí ihò bá jẹ́ ẹ̀rí, a jẹ́ pé bí ihò bá ṣe pọ̀ tó lẹ̀rí ṣe pọ̀ tó. Nítorí náà, nígbà tí a ń kórè, èmi àti bàbá rẹ ṣà á sí ọ̀nà méjì. Ewé tó gún régé, tó ń dán, a kó ìyẹn fún àwọn ará àdúgbò tí a máa ń fún: télọ̀, wẹ́dà tó ń jó irin, àti màmá tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé kó tó fẹ̀yìn tì. Èyí tí kòkòrò ti jẹ, a rọra tò ó sínú apẹ̀rẹ̀ tìrẹ. Èyí tó níhò jù, òkè pátápátá la tò ó sí, kí ojú àwọn oníbàárà rẹ lè tètè tó o.

Ní ti kòkòrò, kì í ṣe àṣìṣe. Èmi ni mo fi í síbẹ̀. Mo rò ó pé ìlú ńlá ni, àwọn alárìíwísí pọ̀, ẹnìkan lè sọ pé ìṣó la fi dá ihò náà lu. Ṣùgbọ́n bí kòkòrò fúnra rẹ̀ bá wà níbẹ̀ láàyè, tó sanra, tí ara rẹ̀ ń tutù, ta ló máa jiyàn? Mo fi ọ̀kan sínú apẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bàbá rẹ ló ní ọ̀nà jìn, ọ̀kan ò gbọdọ̀ dá rin ìrìn àjò náà, ó ní kí n fi èkejì tì í. Nítorí náà, jọ̀ọ́, sọ fún ìyàwó mánẹ́jà pé kó yẹ abẹ́ tábìlì wò.

Ohun tó wá já mi láyà ni yàrá tí o ṣí fún àwọn oníbàárà rẹ lórí fóònù, tí o fi èmi náà sí. O mọ̀ pé mo máa ń wọlé kí wọn láràárọ̀, mo sì ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, torí kò dáa kéèyàn wọ ilé tó kún kó wá fo ẹnìkan dá. Lọ́jọ́ kejì ọ̀rọ̀ kòkòrò, fóònù kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹnìkan ti jáde. Mo rò pé ó lọ sá aṣọ ni. Ẹlòmíì tún jáde, ẹlòmíì tún tẹ̀ lé e. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀yin tí ẹ jáde, ẹ má pẹ́ o, oòrùn mú. Ìgbà tí télọ̀ là á yé mi pé ẹni tó bá ti jáde báyìí kì í sábà wọlé mọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn tó kù.

Kò pẹ́ tí ọkùnrin tó ń ta oògùn oko, tí gbogbo wa ń pè ní Dókítà Kòkòrò, fi gbọ́. Ó dé tòun ti agolo tó máa ń pọ̀n sẹ́yìn. Ó ní ẹ ò rí i, ewé tó ń dán làwọn ará ìlú ńlá ń fẹ́, ẹ fọ́n ọn lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ má wí fún ọmọ yín, ṣé ewé lẹ́nu tí yóò fi sọ ni? Àánú rẹ ló ṣe bàbá rẹ. Ó ní ọmọ òun ò ní padà lọ kúnlẹ̀ fún ọ̀gá tó ń jágbe mọ́ ọn níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí agolo náà. Èmi náà wò ó, kí n má parọ́. Mo wá bi Dókítà Kòkòrò pé bí òun bá fọ́n ọn tán, ṣé òun á bá wa jẹ nínú rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní òun kì í jẹ ẹ̀fọ́. Mo ní ẹ ṣeun, ó dàbọ̀.

Ni mo bá bọ́ sí àdúgbò láti gba ewé tó dáa padà. Wọ́n ti jẹ ẹ́ tán! Màmá ọ̀gá ilé ìwé rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́, ìwọ nìkan ni mo rí tó ń fi èyí tó dáa tọrẹ, tó ń ta jákujàku fún ẹni tó sanwó. Télọ̀ ní òun rò pé a jogún owó ni. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tó, ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ fún wọn pé o fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, wọ́n bi mí pé ọjọ́ wo ni apẹ̀rẹ̀ tún ń lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a rí wọn lóko, kálukú pẹ̀lú abọ́ tirẹ̀. Gbogbo wa ń yí ewé wò lábẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, a ń ṣa kòkòrò sínú abọ́, a ń gbé e fún adìyẹ, a sì ń ku eérú sídìí ẹ̀fọ́. Wẹ́dà, pẹ̀lú ìka ọwọ́ rẹ̀ tó tóbi yẹn, ẹ̀ka tòmátì tó ṣẹ́ pọ̀ ju kòkòrò tó mú lọ, la bá ní kó lọ máa pọnmi. Ó ní irin ò le tó báyìí. Nígbà tí a ṣe tán, màmá ọ̀gá gé kábéèjì wá láti inú ọgbà tirẹ̀, télọ̀ mú tòmátì wá, ó ń nù wọ́n bí ẹni nu bọ́tìnnì. Irúgbìn wa náà ni wọ́n fi gbìn wọ́n, wọn ò sì fọ́n nǹkan kan sí i. Wọ́n ní ká kó o mọ́ tiwa.

Ọ̀la ni awakọ̀ máa gbé apẹ̀rẹ̀ bọ̀. Mo fẹ́ dọ́gbọ́n ki ewé oníhò kan sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí ẹ̀rí, màmá ọ̀gá gbá mi lọ́wọ́. Èyí tí mo fi aṣọ pupa bò, ti ìyàwó mánẹ́jà ni. Má gbowó rẹ̀. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o gbé e lọ, má rán ẹnikẹ́ni, kúnlẹ̀ kí o kí i dáadáa, kí o sọ pé ìyá rẹ ní kó máà bínú, pé ìfẹ́ tí òun ní sí ọmọ òun ló pọ̀ jù.

Bí nǹkan bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí a ra apẹ̀rẹ̀ míì, kí káfíńtà náà lè wá mi orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Jọ̀ọ́, má fi sí báńkì mọ́. Mo lọ kí èyí tí o fi síbẹ̀ lọ́jọ́sí, mo ní kí ọmọbìnrin ibẹ̀ jẹ́ kí n rí i, n kò ní fọwọ́ kàn án, ó ní inú kọ̀ǹpútà ló wà. Mo ní kó ṣí i. Ọlọ́dẹ ló pè. Fi rán awakọ̀. Bí kò bá sí, má yáwó o, a ò ní kú.

Ọmọ mi, bí obìnrin náà bá gba apẹ̀rẹ̀ yẹn, pè mí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, n kò ní gbé fóònù jìnnà sí mi. Bí kò bá gbà á, má sunkún lójú títì. Gbé e, wọkọ̀, máa bọ̀ wálé. A ó sè é, a ó jọ jẹ ẹ́, kí a tó mọ ohun tó kàn. Mo ti kìlọ̀ fún bàbá rẹ: kò sẹ́ni tó máa dárúkọ ọ́fíìsì sí ọ létí nínú ilé yìí.

Ilẹ̀kùn tí o bá kàn á ṣí. Ọwọ́ tí o fi ń gbé ẹrù kiri yìí, Ọlọ́run á fi oore kún un.

Èmi ni,
Ìyá rẹ tó ń retí ìpè.