Ibi Tí Máàpù Rẹ Mú Wa Dé

Olúyọmí, àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, ọdún méjì rèé tí o lọ. Ọdún méjì géérégé lónìí, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta, ọdún 1973. Èmi Àrìnkẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ, ni mo ń bá ọ sọ̀rọ̀ lórúkọ Dora ìyá wa, lórúkọ Ọmọ́wùmí ìyàwó rẹ, àti lórúkọ ọmọ rẹ tí o kò rí.

Ogun ò pa ọ́. Ohun tó ń ká mi lára jù nìyẹn. Ọdún méjì àbọ̀ lo fi ṣe sójà, tí ò ń wá bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, tí o dojú bolẹ̀, tí ò ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gún iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀díẹ̀. O padà sí Igbótako lọ́dún 1970 tọwọ́ tẹsẹ̀. Oorun nìkan ni kò bá ọ padà. Bí abọ́ bá já bọ́ lọ́wọ́ Ọmọ́wùmí, wàá ti wà nílẹ̀ gbalaja.

Ìyá wa ló mú ọ̀rọ̀ Ìdí-Obì wá. Abúlé yẹn ni òun àti àwọn èèyàn wa ń gbé lọ́dún tí ilẹ̀ gbóná, tí olóde mú Bọ́lánlé àkọ́bí rẹ̀ lọ, ọmọ ọdún mẹ́ta. Wọ́n sin ín sẹ́yìn ilé, tòun ti idẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, gbogbo abúlé sá. Wọn ò mú ìkòkò, wọn ò mú ọkọ́, wọn ò sì padà mọ́. Igbó bo ibẹ̀. Àwọn tó mọ ọ̀nà sì ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku ìyá wa nìkan, òun náà ò sì dá ọ̀nà mọ̀ mọ́. Ìyá wa wò ọ́ lójú, ó ní, "Olúyọmí, ìjọba rán ọ pé kí o lọ wá ikú nínú ilẹ̀, o sì rí i. Ṣé o ò ní bá mi wá ọmọ mi?"

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà lo gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìlútítun, sọ́dọ̀ Bàbá Jẹ́jẹ́lọlá tó ti ṣe ẹ̀ṣọ́ igbó ìjọba rí. Ó yá ọ ní máàpù kan tí àwọn òyìnbó ti yà kí wọ́n tó bí ọ. Ikán ti jẹ etí rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìdí-Obì wà nínú rẹ̀. Nínú máàpù tuntun tí o rà, igbó nìkan ló wà níbẹ̀. O tẹ́ méjèèjì sílẹ̀ ní pálọ̀ mi, o ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó. Abúlé lè pòórá, odò kì í tètè ṣí nípò. Ibi tí odò yìí ti ṣẹ́ bí ìgbọ́nwọ́ la máa kọ́kọ́ wá. Lẹ́yìn náà, ká wá igi tí èèyàn gbìn." Mi ò kàwé, ṣùgbọ́n o di ìka mi mú, o fi ń tọ ọ̀nà náà títí ó fi yé mi.

O ra ẹ̀rọ tó ń wá irin lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ta ẹrù tí àwọn sójà ti pa tì. Mo bá ọ lọ lẹ́ẹ̀kan. A bá igi obì tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láàárín igbó dúdú, mo sì mọ̀ pé ọwọ́ èèyàn ló gbìn wọ́n. Ò ń gbé ẹ̀rọ náà káàkiri bí ẹni ń gbálẹ̀. Ẹ̀rọ náà hu. Òógùn bò ọ́. O dojú bolẹ̀, ò ń fi igi gún ilẹ̀ bí ẹni pé ikú ló wà níbẹ̀. Ọkọ́ ni. Ó tún hu. Ìkòkò irin ni. Ilé tí àwọn èèyàn wa sá fi sílẹ̀ ń dá wa lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìgbà kẹrin tí o lọ lo rí idẹ ẹsẹ̀ náà. O bo ilẹ̀ padà, o gbin pèrègún síbẹ̀, o fi pẹ́ńsù sàmì sí máàpù. Ṣùgbọ́n àdá kan tó ti dípẹtà lábẹ́ ewé ti gé ọ látẹ́lẹwọ́. O délé, ò ń rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́. Èmi ni mo fi aṣọ dì í. Èmi ni mo sọ pé, "Kékeré nìyí. Bọ́ǹbù ò rí ọ gbé ṣe, ṣé àdá ni yóò rí ọ gbé ṣe?"

Ọjọ́ kẹjọ, àgbọ̀n rẹ ò ṣí mọ́. Kí a tó gbé ọ dé ọsibítù l'Ókìtìpupa, ẹ̀yìn rẹ ti tẹ̀ bí ọrun. Wọ́n ní ojú ọgbẹ́ àdá yẹn ni àrùn náà gbà wọlé, pé abẹ́rẹ́ wà fún un, ká ní a tètè wá. Ká ní a tètè wá! Ọ̀rọ̀ yẹn ń bá mi jí, ó ń bá mi lọ sóko, ó ń bá mi kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ṣì ń gbọ́ ẹ̀rọ náà pẹ̀lú. Bátìrì rẹ̀ ti kú, ó wà nínú àká. Síbẹ̀ bí mo bá ń fọ ẹ̀gẹ́ létí odò, mo ń gbọ́ tó ń hu, n ó sì dá ẹsẹ̀ dúró, kí n má baà tẹ ilẹ̀.

Lẹ́yìn tí a sin ọ́, ìyá wa kọ oúnjẹ. Ó ní òun fi ọmọ kan wá ọmọ kan. Mo mú máàpù rẹ, èmi àti ìyá àti Ọmọ́wùmí la jọ lọ. Mo fi ìka tọ odò títí a fi dé ibi tó ti ṣẹ́. A rí igi obì, a rí pèrègún. Ìyá jókòó sílẹ̀, ó ní, "Bọ́lánlé, èmi nìyí." Ó fọwọ́ pa ìdí pèrègún náà. Ó ní, "Olúyọmí, o ṣé." Ọjọ́ yẹn ló jẹun.

Ọmọ́wùmí ti kan páànù sí ilé rẹ. Obìnrin lọmọ náà, Ọmọ́túndé la sọ ọ́, ó ti ń sáré káàkiri ọgbà. Ẹnikẹ́ni tí irin bá ha lára ládùúgbò wa, èmi ni mo ń wọ́ ọ lọ gba abẹ́rẹ́, bó fẹ́ bó kọ̀. Ìyá Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè mí báyìí. Ó ń dùn mọ́ wọn. Wọn ò mọ̀ pé ìwọ ni mo ń gbé lọ nígbàkúùgbà.

Olúyọmí, àárò rẹ ń sọ wá. A kì í sọ ọ́ fún ara wa nílé wa pé a fẹ́ràn ara wa, mi ò sì sọ ọ́ fún ọ rí. Mo fẹ́ràn rẹ, àbúrò mi. Mo fẹ́ràn rẹ gan-an ni.