Káńfọ̀ Inú Àpótí Ìyá Rẹ

Moyinolúwa ọmọ mi,

Báwo ni Àkúrẹ́ o, báwo sì ni àwọn ará ilé tí o ń gbé ní Arákálẹ̀? Àwa ní Oǹdó wà láàyè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ìwé tí o ń kà ní yunifásítì kò ní dà rú mọ́ ọ lórí. Gàrí wọ́n bí ojú, ṣùgbọ́n òjò rọ̀ dáadáa, kòkó sì ti ń so.

Má bínú pé lẹ́tà ni mo kọ. Fóònù tí o rà fún mi, inú àpótí ìyá rẹ ni mo tọ́jú rẹ̀ sí, láàárín hóró káńfọ̀ tó ń lé kòkòrò nínú aṣọ, kí aáyán má baà jẹ nọ́ńbà inú rẹ̀.

O mọ bí ọ̀rọ̀ káńfọ̀ yìí ṣe da ilé wa rú. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti kú ni mo ti máa ń fi mẹ́fà sáàárín aṣọ rẹ̀, bí mo bá sì ṣí àpótí lẹ́yìn oṣù díẹ̀, òfo ni. Bọ́sẹ̀ àbúrò mi tó ń dáná fún mi nìkan ló wà nílé, ni mo bá pariwo lé e lórí pé ó ń jí i tà nítorí pé ìlú le. Ó sunkún, ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ sí Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Nígbà tí o wálé fún Àjíǹde, o ní ẹnikẹ́ni kò jí i, pé ó ń di afẹ́fẹ́ lọ ni, láìkọ́kọ́ di omi. Mo ní ṣé irọ́ tí wọ́n ń kọ́ yín níbẹ̀ nìyẹn? Omi dídì pàápàá, kó tó lọ, á kọ́kọ́ yọ́ sílẹ̀.

Àṣé èmi ni òpè. Mo ra mẹ́fà tuntun, mo pe Olúgbémiga wọ́dìn ìjọ wa kó wá bá mi kà á, ó fọwọ́ sí ìwé, mo ti àpótí pa, mo so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn, mo ń wẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá a ṣí i. Hà! Méjì péré ló kù, wọn ò sì ju hóró ẹ̀wà lọ. Wọ́dìn wò mí, mo wo wọ́dìn. Ojú tì mí, ọmọ mi, mo sunkún.

Lọ́jọ́ kejì mo sáré lọ sí báńkì, nítorí owó kòkó mi náà ń dín láìjẹ́ pé mo fọwọ́ kàn án. Mo ṣàlàyé fún ọmọbìnrin ẹ̀yìn gíláàsì pé kí wọ́n fi ìdérí dé e dáadáa, afẹ́fẹ́ ló ń dà. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní àwọn ti gbọ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ Bọ́sẹ̀. Ẹyin lohùn, mo ti jẹ́ kó balẹ̀. Ilé yìí dákẹ́ jù, mo fẹ́ kí àbúrò mi padà wálé. Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ kò jìnnà sí ọ. Dákun, lọ bá mi ṣàlàyé sáyẹ́ǹsì yẹn fún un. Wá owó ọkọ̀ ẹ̀yin méjèèjì ná, kí o sì fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún ránṣẹ́ sí mi, kí n fi ra ẹja tí yóò bá nílé. Ọlọ́run yóò san án padà fún ọ, ọmọ tìrẹ yóò gbọ́rọ̀ sí ọ lẹ́nu ju bí èmi ti gbọ́ tìrẹ lọ.

Bí ó bá ṣì ń fajú ro, fi ìparí lẹ́tà yìí hàn án. Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n kì í dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí ìkọ̀wé mi rí wọ́gọwọ̀gọ báyìí ni pé àyà mi ló wà nílẹ̀ pálọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ, Adélaní, tí kò tíì dìde.