Aṣọ Sójà Tí Bàbá Fi Ń Sẹ́ Omi

Oṣù Kẹta, 1988

Màmá mi,

Ẹ kú ará-fẹ́ra-kù. Ara tèmi le. Alaalẹ́ ni àwọn wọ́dà ń ti ilẹ̀kùn wa láti ìta, olè kankan ò lè jà mí.

Ẹ ní kí n kọ ìtàn ayé Bàbá tí wọn yóò kà ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí n sọ bó ṣe fi ìbọn pa ọ̀tá ní ogun Bìáfíra. N ò mọ̀ bóyá ó yìnbọn rí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí sòbìà ń dá gbogbo Ìdèrè dùbúlẹ̀, aṣọ sójà rẹ̀ ló gé, tó fi ń sẹ́ omi adágún fún wa. Bàbá Tinúkẹ́, aládùúgbò wa, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Sójà, ṣé ọ̀tá ló sá sínú omi ẹ ni?"

Bàbá á ní, "Lójú ogun, omi burúkú pa nínú wa ju ọta ìbọn lọ."

Sòbìà ò jáde lára ẹnikẹ́ni nílé wa. Ṣé akọni kọ́ nìyẹn? Ẹ jọ̀ọ́, èyí ni kí wọ́n kà.

Bí wọ́n bá bi yín ìdí tí n ò fi wá sin ín, ẹ sọ pé iṣẹ́ ni ò jẹ́. Kí Abíọ́nà àbúrò mi bá mi bu erùpẹ̀ tèmi sí i. Mo kí gbogbo ilé.