Ẹ̀rín Tó Wà Nínú Àwo Orin Àtijọ́

Ìyá àgbà mi,

Lọ́sàn-án, bí mo bá ti kúrò ní kíláàsì, mo máa ń nu àwo orin àtijọ́ ní ṣọ́ọ̀bù bàbá kan. Mo máa fẹ́ eruku rẹ̀, màá fi aṣọ rírọ̀ nù ún yípo, màá sì gbọ́ ọ díẹ̀. Mo kí yín, mo kí Màmá àti àbúrò mi. Ikọ́ mi ti lọ.

Lánàá, mo gbọ́ àwo onígìtá kan tẹ́nìkan ò rà rí. Obìnrin tó kọ ọ́ rẹ́rìn-ín kó tó wọ ẹsẹ̀ kejì, bí ẹ ṣe máa ń ṣe tẹ́ ẹ bá ń fi orin yẹn rẹ̀ wá lẹ́kún. Àmọ́ orúkọ ọkùnrin ni wọ́n kọ sẹ́yìn páálí àwo náà. Mi ò mọ ìgbà tí mo bá a kọ ọ́ dópin.

Bàbá náà pa ẹ̀rọ. "Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ìyá àgbà mi ni, sà."

"Wọ́n ṣì wà láyé? Mú àdírẹ́sì wọn wá."

Mo ní mo ti gbàgbé é. Ara fu mí, torí ó ti sọ fún oníbàárà kan pé òun fẹ́ tún àwo náà tẹ̀, pé olórin rẹ̀ ti kú, kò sì ní ẹbí tó máa béèrè owó.

Ṣé ẹ̀yin ni, Ìyá àgbà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí Màmá bá yín kọ èsì. Ọlọ́run á jẹ́ ká fojú kanra láyọ̀.

Lọ́la, màá fi owó iṣẹ́ mi ra àwo náà kí bàbá náà tó gbé e pamọ́.