Bí Ọkọ Ìyàwó Ṣe Di Ọkọ̀ Ìyàwó

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Òkè Ṣọ́ọ̀bù Ìránṣọ,
                                        Ẹ̀gbẹ́ Ilé Ìtẹ̀wé.
                                        Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹfà.

Tíṣà mi, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé orúnkún tó ń dùn ọ́ ti gbọ́ oògùn? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń gbé gíláàsì ojú sórí, tí wọ́n á tún máa wá a kiri ilé? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ ńkọ́, àwọn tó o máa ń fi ìdánwò àmì ohùn pa lẹ́kún? Àlàáfíà la wà níbí o. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi nìkan ló ń wúkọ́, mo sì ti fún un lóróró mu.

Jọ̀ọ́, jókòó kó o tó ka èyí tó kù. Bó o bá ń mu omi lọ́wọ́, gbé ife sílẹ̀. Mi ò fẹ́ kí wọ́n wá sọ fún mi lọ́la pé lẹ́tà mi ló jẹ́ kí omi há ọ lọ́nà ọ̀fun.

Ìwé mi ti jáde! Mo ní ìwé mi ti jáde o! Èmi Abẹ́rẹ́-Ò-Sinmi, èmi tí wọ́n ní etí ṣòkòtò nìkan ni mo mọ̀ ọ́n ṣẹ́, mo ti di òǹkọ̀wé. Ọ̀ọ́dúnrún ẹ̀dà ló wà nínú yàrá mi báyìí. Mo tò wọ́n jọ dé abẹ́ fèrèsé, orí wọn ni mo ń gbé ife tíì lé. Lọ́jọ́ tí wọ́n kó wọn dé, kí n tó ṣí páálí, mo jó yí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ ká, títí ìyá kan tó wá gba aṣọ ilé ìwé ọmọ rẹ̀ fi bi mí bóyá wọ́n bímọ nílé wa ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀ọ́dúnrún ni wọ́n bí.

Àfi bí mo ṣe ṣí páálí tán tí mo rí i pé gbogbo ọmọ náà ló ní àmì kan lórí, àmì ọ̀hún kì í sì í ṣe ti ìyá wọn.

Ìwọ náà mọ ìdí tí mo fi kọ ìwé náà. Torí Kékeré ni, ọmọ àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó ń gbé lọ́dọ̀ mi láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti lọ ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́nà jíjìn. Àbúrò mi ò fẹ́ rí ẹkún ọmọ, ló bá fi ẹnu kò ó lórí lójú oorun, ó gbé báàgì rẹ̀, ó yọ́ jáde. Ó rò pé àánú ni òun ṣe. Nígbà tí Kékeré jí, ó wá ìyá rẹ̀ dé inú kọ́bọ́ọ̀dù tí mò ń kó aṣọ oníbàárà sí. Oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn ni oníwàásù àlejò kan wá sí kíláàsì àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ó ní kí oníkálukú wo ojú ẹni tó jókòó tì í dáadáa, pé lọ́jọ́ ìkẹyìn, wọ́n máa mú ọ̀kan lọ, wọ́n máa fi ìkejì sílẹ̀, kò sì ní sí ó dàbọ̀. Wò ó, ẹni rere ni ọkùnrin yẹn, mi ò bá a jà, ṣùgbọ́n ojú egbò ló tẹ̀ yẹn.

Láti ọjọ́ náà, mi ò gbọ́dọ̀ ti ilẹ̀kùn bálùwẹ̀. Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀ lọ ra òwú, màá gbọ́ "Àǹtí! Àǹtí!" lókè. Bó bá ti ilé ìwé dé tí kò bá mi nílé, ó parí, wọ́n ti gbé gbogbo ayé lọ nìyẹn, ó ku òun nìkan. Ọmọ ò jẹun dáadáa mọ́, mo sì ń fún aṣọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ lóṣooṣù. Mo wá ní, ṣebí ìtàn ló gbé ìbẹ̀rù wọlé, ìtàn náà ni màá fi lé e jáde. Mo wá kọ ìwé kan nípa ìgbà ìkẹyìn fún àwọn ọmọdé. Ọmọbìnrin márùn-ún ló wà níbẹ̀, wọ́n ń rán aṣọ ìgbéyàwó, wọ́n ń retí ọkọ ìyàwó tó máa dé pẹ̀lú fèrè àti ẹ̀rín. Ẹranko abìwo kan ṣoṣo ni mo fi sí i, òun náà sì ń bá ọ̀fìnkìn jà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ibi tí wàá ti fi mí ṣẹ̀sín la dé yìí. Ṣé o rántí bó o ṣe ní kí n fi àmì sórí ọ̀rọ̀? Ṣé o rántí èsì tí mo fọ̀? Mo ní ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá á mọ̀ ọ́n kà. Mo tiẹ̀ pòṣé sí i. Mo kọ ìwé náà látòkè délẹ̀ láìfi àmì kan ṣoṣo sí i, mo gbé e fún atẹ̀wé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ẹ-Má-Bínú, torí kò lè kí ọ káàárọ̀ láìkọ́kọ́ sọ ọ́. Èèyàn jẹ́jẹ́, tó ń fi rúlà gé búrẹ́dì. Ó ní ẹ má bínú, ẹ bá mi fi àmì sí i. Mo ní bí àmì bá ń wù ú, kó fi sí i fúnra rẹ̀, pé mo ní etí ṣòkòtò mẹ́fà láti ṣẹ́.

Ó fi sí i. Ọ̀rẹ́ mi, ó fi sí i o!

Ọkọ Ìyàwó Ń Bọ̀ ni mo kọ. Ohun tí wọ́n tẹ̀ gàdàgbà síwájú ìwé ni Ọkọ̀ Ìyàwó Ń Bọ̀. Kò sì parí síbẹ̀. Ayàwòrán tí wọ́n fún ní àkọlé náà kò wẹ̀yìn wò, ó ya ọkọ̀ funfun kan báyìí, ó so rìbọ́ọ̀nù mọ́ ọn nímú, ó gbé e sórí àwọsánmà, èéfín ń yọ lẹ́yìn rẹ̀. Mo di sísọ́ọ̀sì mi mú, mo ní èyí kì í ṣe tèmi, ìwé ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ lẹ gbé wá. Ẹ-Má-Bínú ní ẹ má bínú, tiyín ni.

Mo ṣí ojú ìwé kìíní: kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tàbí wákàtí tí ọkọ̀ máa dé. Ìyẹn ò tiẹ̀ burú, gbogbo èrò ibùdókọ̀ ló mọ bẹ́ẹ̀. Mo ṣí ojú ìwé kẹrin: ọkọ̀ pẹ́ kó tó dé, àwọn ọmọbìnrin márààrún sì tòògbé. Ṣé irọ́ ni? Ojú ìwé kẹsàn-án: ojú ọkọ̀ ìyàwó ń tàn yanran, ó ṣí apá rẹ̀ méjèèjì, ó ní kí wọ́n máa wọlé. Háà! Iná iwájú àti ilẹ̀kùn méjèèjì! Gbogbo ibi tí mo wò, ọ̀rọ̀ bá ara mu. Níbi méjìléláàádọ́rin! Ojú ìwé ogún nìkan ló yẹ kó ta Ẹ-Má-Bínú lólobó, níbi tí ọkọ̀ ti sunkún nítorí àwọn tó pẹ́ lẹ́yìn, tó sì nu ojú rẹ̀ nù. Ó ní òun rò pé òjò ló ń rọ̀, pé ohun tó ń nu gíláàsì iwájú ọkọ̀ ni mò ń sọ. Ó tún wá fi kún un pé òun gbádùn ìtàn náà gan-an. Kí lèèyàn fẹ́ fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe? Má tiẹ̀ jẹ́ kí n sọ ti orí kejì, níbi tí ìgbà ìkẹyìn ti di igbá ìkẹyìn. Ọmọ ilé kejì ti bi mí léèmejì ohun tó wà nínú igbá.

Mo sunkún o, má rò pé ẹ̀rín ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo jókòó ti páálí, mo ní ọdún kan gbáko, ìwé tí mo ní kó wo ọmọ yìí sàn ti di yẹ̀yẹ́. Kékeré ti ilé ìwé dé, ó bá mi lórí ẹkún, ó mú ẹ̀dà kan, ó wọ abẹ́ tábìlì lọ pẹ̀lú ẹ̀. Mi ò ráyè bi í léèrè.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé ẹ̀dà kan lọ fún pásítọ̀ wa láti jẹ́wọ́. Bàbá ṣí i, wọ́n ń kà á. Mò ń wo èjìká wọn, ó kọ́kọ́ ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, ó wá ń gbọ̀n púpọ̀. Mo rò pé ìbínú ni. Ẹ̀rín ni! Wọ́n rẹ́rìn-ín títí gíláàsì ojú wọn fi bọ́ sínú tíì. Wọ́n bi mí bóyá mo rò pé ẹsẹ̀ ni ọkọ ìyàwó máa fi rìn wá. Wọ́n ní ọkọ náà ló ni ọkọ̀, kí n fọkàn balẹ̀, kí n ṣáà tún un ṣe kí àwọn òbí má bàa rò pé ìwé ìdánwò awakọ̀ ni. A wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ìbẹ̀rẹ̀, ojú ìwé kan tẹ̀ lé ìkejì, omijé ẹ̀rín ń bọ́ lójú wa. Ìgbà tí mo máa gbójú sókè wo aago, aago mẹ́ta ti lù.

Aago méjì ni Kékeré máa ń dé!

Ọ̀rẹ́ mi, mo sáré. Téèpù ìwọ̀n wà lọ́rùn mi, bàtà ẹsẹ̀ kan já, mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Mo ti mọ ibi tí ẹkún rẹ̀ ti máa ń dé etí èèyàn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù onífótò. Mo débẹ̀, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ìyẹn ló wá já mi láyà ju ẹkún lọ.

Mo yọ síwájú ilé wa. Àga mẹ́ta ló wà níta, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan, bíi ti inú ọkọ̀. Kékeré jókòó lórí ti iwájú, ó ti fọ ẹsẹ̀, ó wọ bàtà tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé báàgì lé ẹsẹ̀, ìwé mi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ mi tí kò ní bàtà, ó ní mo pẹ́.

Mo bi í bóyá ẹ̀rù ò bà á nígbà tí kò bá mi nílé. Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ̀wé.

"Ẹ̀rù kẹ̀? Ọkọ̀ mà ni, Àǹtí. Ọkọ̀ máa ń fọn fèrè. Ẹni tó bá fẹ́ yọ́ lọ kì í fọn fèrè."

Mo jókòó sórí àga kejì. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé ó ti so síkáàfù ìyá rẹ̀ mọ́ àga kẹta. Mo béèrè pé ta ló ni í.

"Màmá mi ni. Màá sọ fún dẹrẹ́bà ká kọ́kọ́ yà gbé wọn níbi iṣẹ́. Tí wọ́n bá ń sùn, á fọn fèrè títí wọ́n á fi jí. A ò ní fi wọ́n sílẹ̀ lójú oorun."

Mi ò lè sọ bí ó ṣe ṣe mí fún ọ. Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún, mo fi téèpù nu imú. A jókòó síbẹ̀ títí oníbàárà méjì fi dé, Kékeré sì ní kí wọ́n lọ gbé àga tiwọn wá bí wọ́n bá ń bá wa lọ. Ó jẹ abọ́ oúnjẹ méjì lọ́jọ́ yẹn. Ní àárọ̀ òní, mo ti ilẹ̀kùn bálùwẹ̀, mo sì kọ orin mẹ́rin tán kí n tó jáde. Kò sẹ́ni tó pè mí!

Mo pe àbúrò mi lórí fóònù, mo sọ ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ fún un bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ó ní kí n tún un sọ. Lẹ́yìn náà ló ní òun ti gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì, pé òun ń bọ̀ ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí, òun sì máa bẹ dẹrẹ́bà kó fọn fèrè láti ìkóríta títí dé ẹnu ọ̀nà wa. Ó ní lọ́jọ́ tí òun bá máa padà, òun máa jí ọmọ òun.

Nítorí náà, Tíṣà, wá. Wá ṣáájú ọjọ́ náà, kó o mú gègé pupa rẹ dání, ká jọ yọ àmì kúrò lórí ọkọ nínú ọ̀rìnlérúgba ó lé mọ́kàndínlógún ẹ̀dà. Ti Kékeré, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Kó o sì mú àga tìrẹ lọ́wọ́, ó ní àyè wà fún ọ, ṣùgbọ́n kò sí àga mọ́ nílé.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, sọ fún wọn pé orí wọn ni gíláàsì wà. Kí àwọn ọmọ. Ẹ-Má-Bínú kí ọ, ó ní kó o má bínú.

Èmi ni tìrẹ, tàmì tohùn,
Abẹ́rẹ́-Ò-Sinmi.

Mo gbàgbé: gbogbo àmì tó wà lórí lẹ́tà yìí, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi fi wọ́n sí. Máàkì í, kó o sì dá a padà.